Àárọ̀ Tí Máṣíìnì Màmá Kò Dún

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kú tipẹ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀ tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìtàn kan wà tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni bàbá ẹni máa ń sọ, ìdajì yòókù á wá jókòó síwájú, á máa dúró deni títí ẹsẹ̀ ẹni yóò fi débẹ̀.

Ìdajì tiwọn rèé. Ní Ọ̀yọ́, nígbà tí n kò tíì mọ okùn ṣòkòtò ara mi í dì, bàbá mi lọ ra máṣíìnì àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Máṣíìnì ni àwọn ará ilé wa ń pe alùpùpù. Ọmọ Èkó ní tirẹ̀ á ní ọ̀kadà. Irú tayé ọjọ́un ni, èyí tó jẹ́ pé inú bẹntiróòlù rẹ̀ gan-an lèèyàn ń po ọ́ìlì mọ́ kí ó tó mu ún, tí èéfín rẹ̀ máa ń jáde ní àwọ̀ aró, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń han bí ìgbà tí ẹnìkan ń fa aṣọ ya tí aṣọ náà kò sì tán. Wọ́n ní nígbà tí àwọn débẹ̀, ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dún. Inú wọn dùn, wọ́n sanwó, wọ́n gbé e wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí orúnkún fi fẹ́ yẹ̀, kò fọhùn. Àṣé láti ìdájí ni ọlọ́jà ti ń tẹ̀ ẹ́ kí bàbá mi tó dé, tó ti mú ara rẹ̀ yá kalẹ̀ dè wọ́n.

"Tó o bá fẹ́ ra máṣíìnì," bàbá mi á wí, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ jáde bí ẹni pé máṣíìnì náà wà níwájú wọn, "fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ kó o tó kí ẹni tó ni ín. Tí ikùn rẹ̀ bá tutù, jókòó, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti kọ́ lóhun tí yóò wí ni. Máa bọ̀ nílé."

Mo gbọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ náà há ara ògiri bí èèyàn ṣe ń fi abẹ́rẹ́ há a. Ó pẹ́ gan-an kí n tó wá a lọ.

Iṣẹ́ àga ni mo ń ṣe ní Ìdímù. Mo ń yí fóòmù, mo ń rán aṣọ àga, mo sì ń bá àwọn ọlọ́kadà rán ìjókòó wọn tó bá ti ya. Ṣùgbọ́n Ayọ̀bọ̀ ni ilé mi wà, lẹ́yìn ibi tí ọ̀dà títì tán sí. Nígbà tí mo fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, àgbàdo ló wà lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ ló wà lósì. Ìyàwó mi bá mi gbé ibẹ̀ títí ọmọ wa obìnrin fi bímọ lókè òkun, ló bá lọ bá a wẹ ọmọ. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n pè é. Ọmọ yẹn rìn, èkejì dé. Èkejì kò tíì já lẹ́nu ọmú tí wọ́n fi ní òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Àdúrà la gbà, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ. Ta lèèyàn yóò fi ìdáhùn àdúrà sùn?

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe ku èmi nìkan. Mo ṣe àga ńlá sí yàrá ìgbàlejò nítorí àlejò, èmi ni mò ń jókòó níbẹ̀, orí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, títí fóòmù rẹ̀ fi mọ ìdí mi. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ṣì máa ń ní "ẹ kú ilé o" kí n tó bọ́ bàtà. Àṣà ni, kò ṣeé fi sílẹ̀. Mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé "ẹ káàbọ̀" wà lójú ọ̀nà tó ń bọ̀.

Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà wa á di ẹrẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi á dúró níbi tí ọ̀dà parí sí, á ní, "Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre. Ẹrẹ̀ yín yìí, èèyàn ló fẹ́ gbé mì." Màá bọ́ bàtà sínú ọ̀rá, màá máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wá kí mi náà á dé ibẹ̀, á wo ẹrẹ̀, á padà, á pè mí lórí fóònù pé òun ì bá dé. Ìdí tí mo fi ń wá alùpùpù nìyẹn. Ibi iṣẹ́ kọ́ ni mo ń rò. Mo fẹ́ ohun tó lè gbé mi jáde kúrò nínú ilé yẹn lọ́jọ́ ìsinmi, tí òjò ì báà rọ̀, kí n lè lọ jókòó níbi tí ohùn èèyàn wà.

Ọlọ́kadà kan tó gbé ìjókòó wá fún mi láti rán ló mẹ́nu ba ti Igando.

"Bàbá, ọ̀kan wà lọ́wọ́ màmá kan níbẹ̀ tí ẹ̀yin lè rà. Tòkunbọ̀ ni. Ó ga bí ẹṣin, táyà rẹ̀ rí kókó-kókó, irú èyí tí òyìnbó fi ń sáré nínú igbó. Ẹrẹ̀ ò ní rí i mú."

"Kí ló dé tí ìwọ kò rà á?"

"Háà! Èyí tó ń mu ọ́ìlì mọ́ epo bí ọ̀mùtí? Ó tún wá ga, èrò ò lè gùn ún. Àfi ẹni tí kò ní í gbé ẹnikẹ́ni."

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lásán ni, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Mo ní kó júwe ilé fún mi.

Ọ̀nà ilé màmá náà gba ẹ̀gbẹ́ ọsibítù kọjá. Afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín ààtàn bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀hún, gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ló ń gbóòórùn rẹ̀. Mo bá alùpùpù náà lábẹ́ páànù kékeré kan nínú àgbàlá, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, ó ga lóòótọ́, búlọ́ọ̀kù kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò rí ẹnikẹ́ni. Mo rántí bàbá mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na àtẹ́lẹwọ́, mo fi kan ikùn ẹ́ńjìnnì.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ohùn obìnrin kan wí láti ojú fèrèsé, "ṣé aboyún ni, tó o fi ń fọwọ́ kàn án níkùn?"

Mo fò dìde. "Ẹ kú ilé, mà. Ẹ má bínú. Alùpùpù ni mo wá wò."

"Ọwọ́ lo sì fi ń wò ó?"

Màmá jáde wá. Àgbà obìnrin ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Mo ní, "Ara rẹ̀ gbóná ni, mà."

"Ara ohun tó bá wà láàyè a máa gbóná. Ṣé tìrẹ tutù ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, mo sọ ìtàn bàbá mi fún un, láti orí ọlọ́jà dé orí orúnkún tó fẹ́ yẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ nu ojú.

"Bàbá ẹ gbọ́n," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí tìẹ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ò ń bọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́."

Ó ṣàlàyé. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Ọkọ náà a máa bá àwọn awọnlẹ̀ wọ igbó láyé ìgbà tí gbogbo ìhà Ayọ̀bọ̀ ṣì jẹ́ oko, a máa ru okùn àti ọ̀pá wọn, ìdí tó fi ra èyí tó lè gba inú koríko nìyẹn. Tí ọkùnrin náà bá fẹ́ jáde láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, tí àwọn ọmọ padà sí ibùjókòó wọn, Màmá gun orí búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́, kí ó má bàa dípẹtà. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni aládùúgbò kan kí i lójú ọ̀nà pé, "Màmá, a gbọ́ yín láàárọ̀. A mọ̀ pé ẹ ti jí dáadáa." Láti ìgbà náà ló ti ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Kí wọ́n lè mọ̀ pé òun jí.

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ tà á?"

"Ìbàdí mi ló ní ó tó."

Mo wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mo mi táyà iwájú bóyá ó ń jó, kò jó. Mo fa ṣéènì, ó rọ̀ díẹ̀, ìyẹn kò burú. Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èèpo ẹ̀pà, bó ṣe yẹ kó rí. Mo fọwọ́ tẹ ibi tí a ń tẹ̀ láti mú un dún, díẹ̀díẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe ń ta kò mí látinú. Agbára ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kan ibi tó jẹ́ tèmi: mo ṣí awọ ìjókòó. Fóòmù a máa rántí ẹni tó bá jókòó lé e. Ihò méjì ló wà lára èyí, ọ̀kan jìn níwájú, ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń wà lẹ́yìn?" mo bi Màmá.

"Ta ni ì bá tún wà níbẹ̀?" Ó fojú mú mi. "Ó máa ń sáré nínú kòtò kí n lè dì mọ́ ọn. Ó rò pé mi ò mọ̀."

Gbogbo rẹ̀ wù mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá mi kò tíì kúrò lára ògiri.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ ọ nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Màá dé láàárọ̀ kùtù, màá fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ ẹ́."

Màmá wo alùpùpù, ó wo ẹnu ọ̀nà àgbàlá.

"Kí n má tẹ̀ ẹ́ rárá?"

"Àárọ̀ ọ̀la nìkan, mà."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n má pẹ́."

Mo pẹ́. Òjò rọ̀ láfẹ̀mọ́jú, ẹrẹ̀ Ayọ̀bọ̀ dá mi dúró, nígbà tí mo fi máa dé Igando, oòrùn ti yọ. Láti òkèèrè ni mo ti rí i pé àgbàlá Màmá kún fún èèyàn. Obìnrin kan mú ìgbálẹ̀ dání, ọkùnrin kan fi pákò sẹ́nu láì rìn ín, àwọn mìíràn ṣì ró aṣọ oorun mọ́ra. Mo ní, háà, mo ti débi òkú. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹni pé ẹrẹ̀ ilé wa ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi èjìká yà wọ́n kọjá.

Màmá jókòó sórí àpótí láàárín wọn, ó mú ife ògì gbígbóná kan tí ẹnìkan gbé wá, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ẹ fẹ́ pa wá ni, Màmá!" ọkùnrin oní-pákò ń wí. "A ò gbọ́ máṣíìnì! Ìyàwó mi ló ta mí jí, ó ní ó ti pẹ́ jù. Ṣé kò sí, mà? Ṣé kò sí?"

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń dá ìyẹn lóhùn. Orí ahọ́n ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń gbé. Ṣùgbọ́n Màmá gbé ife kúrò lẹ́nu.

"Ó wà!" ó ní. "Ó wà púpọ̀. Ìbàdí ń ro mí. Ilé ń dá mi gbé. Àti pé ògì yìí kò ní ṣúgà."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Àfi bí ẹni pé ó bú wọn. Obìnrin onígbálẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ ò sọ fún wa."

"Ìgbà wo? Ta ló wọlé tí mi ò sọ fún? Ìwọ, àwọ̀ wo ni ilẹ̀kùn mi?"

Obìnrin náà wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Ó... àwọ̀ ewé."

"Mo ti kùn ún ní búlúù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn!"

Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì wọ́n. Màmá wá nàka sí mi. "Ọkọ mi titun yìí ló ní kí n dákẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ bá wí."

"Bàbá, ẹ mà fẹ́ kó wa sí wàhálà o," ọkùnrin oní-pákò wí.

Mo gun alùpùpù lójú gbogbo wọn. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó tutù bí omi àmù. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dún. Mo tún un tẹ̀, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Ó ti kú!" Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kó mí ná. Arúgbó ni." Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ sì ya jáde, aṣọ gígùn tí kò tán yẹn, èéfín aró bo gbogbo wa. Òórùn ọ́ìlì tó jóná pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù wọ imú mi, mo sì wà ní Ọ̀yọ́ fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi. Nígbà tí èéfín tú, ojú mi tutù. Èéfín ni mo fi ṣe àwáwí.

Àwọn èèyàn kò lọ kíákíá. Obìnrin kan lọ mú ṣúgà wá. Òmíràn ń fi ọwọ́ ra ìbàdí Màmá, ó ń bi í léèrè ibi tó ti ń ro ó. A ná ọjà náà, a gbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò wọ́n, ẹ̀rù bà mí. Mo tẹ̀ sí etí Màmá.

"Mà, ṣé kí n fi í sílẹ̀? Báwo ni wọn ó ṣe máa mọ̀ pé ẹ jí?"

Màmá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ ló ń lé wọn. Wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ní 'Màmá wà', wọ́n á kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí a sin ọkọ mi lèèyàn pọ̀ tó báyìí kẹ́yìn níbí. Ọdún mélòó ni mo ti ń fẹsẹ̀ ara mi tẹ èèyàn sẹ́yìn, tí mo rò pé mò ń pè wọ́n! Gbé e lọ, ọmọ mi. Jẹ́ kí n dákẹ́ kí wọ́n máa wá."

Mo gbé e lọ. Ẹrẹ̀ wa kò rí i mú, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́kadà ti wí. Mo là á kọjá tí omi pupa ń fò lọ́tùn-ún lósì, mo sì rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé ó kéré tán, nǹkan kan ti òkun bọ̀ wá sí Ayọ̀bọ̀. Oníṣẹ́ àga ni mí, ṣùgbọ́n n kò yí fóòmù rẹ̀. Ihò méjèèjì wà níbẹ̀ bí mo ṣe bá wọn. Mo máa ń jókòó sínú ti iwájú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Mo mọ ohun tí Màmá sọ. Ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ohùn ná kí ìdákẹ́ rẹ̀ tó lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nínú ilé tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí, ta ni yóò mọ̀ tí mo bá dákẹ́ sí i? Ìyàwó mi gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan.

"Kí nìyẹn, Dádì?"

"Máṣíìnì ni. Mo ra máṣíìnì."

"Ẹ̀yin! Ṣé ẹ ti padà di ọmọdé ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì pe ọmọ-ọmọ wa wá gbọ́. Mo gbé fóònù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo rò pé mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé. Kí n tó gbé fóònù padà sétí, ó ti já.

Èmi náà máa ń lọ síbi tí èèyàn wà báyìí, n kò purọ́. Ọjọ́ ìsinmi, mo lè dé Ìdímù, mo lè dé Egbeda, kí n bá wọn jókòó, kí n gbọ́ àríyànjiyàn wọn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni mo ń sọ. Àárọ̀ nínú ilé.

Ó wá di àárọ̀ kan, nínú ọ̀rinrin òjò, mo tẹ̀ ẹ́, kò dún. Mo mọ ohun tó ṣe é. Epo ti bo pọ́lọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀ ni. Mo yọ ọ́, mo ń fi àkísà nù ún, nǹkan kan sì ní kí n má dá a padà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, pọ́lọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ mi, mo ń dúró. Oòrùn yọ. Àwọn ọmọ iléèwé kọjá, wọ́n gbé bàtà lọ́wọ́. Àkùkọ kan wọ abẹ́ alùpùpù, ó jáde. Mo ń ka ohùn ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ títí wọ́n á fi kọjá.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́nu géètì. Ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ọ̀kánkán ilé mi ni, ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń kí ara wa láti ọjọ́ tó ti kó dé. Mo dìde.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o."

"Ẹ kú àárọ̀."

"Ẹ ṣeun gan-an ni o," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. "Ìkókó wa sùn dáadáa lónìí. A ò gbọ́ máṣíìnì yín. Ìyá rẹ̀ ní kí n wá dúpẹ́."

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."

Ó yí padà láti máa lọ. Ó ti rìn díẹ̀ kí ó tó tún dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo alùpùpù, ó wo èmi, ó wo àkísà ọwọ́ mi.

"Bàbá, ṣé kò sí o?"

Mo rántí Màmá, ife ògì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n ti yára ju ọ̀fun lọ.

"Kò sí o," mo ní. "Ẹ ṣeun."

Ó gbọ́wọ́ sókè, ó sọdá padà sídìí búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì ti gbẹ lọ́wọ́ mi. Mo dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, nígbà wo lẹnìkan bi ọ́ kẹ́yìn pé ṣé kò sí, tí o wò ó lójú, tí o sì dá a lóhùn pé ó wà?